Awáwù Ti Sọ̀rọ̀ Nílé Méjèèjì

Ilé Màmá, Ṣàgámù,
Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi Rísíkà, Ìyá Awáwù,

Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já nítorí pé lẹ́tà yìí nípọn. Kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn, ilé kò sì jó. Ayọ̀ ló gùn tó báyìí. Ọwọ́ tí ẹ ń wò yìí, ọwọ́ èmi Múfú àbúrò yín ni, ṣùgbọ́n ẹnu Màmá ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Wọ́n jókòó sórí àpótí níwájú mi, wọ́n ń bó obì gbànja. Bí wọ́n bá bó díẹ̀ wọ́n á sọ díẹ̀. Wọ́n ní kí n máa ka ohun tí mo bá kọ sí àwọn létí, nítorí àwọn mọ irú ọmọ tí àwọn bí. Wọ́n ní bí mo bá sì fi tèmi kún un, kí n sọ pé tèmi ni. Torí náà, ibi tí lẹ́tà bá ti pè yín ní "ọmọ mi", Màmá ni. Ibi tó bá ti pè yín ní Ẹ̀gbọ́n, èmi ni. Dírẹ́bà tó ń kó obì lọ Kàdúná á gbéra lọ́la kí oòrùn tó mú, òun ló máa fi í lé yín lọ́wọ́.

Ó yá. Màmá ní kí n kọ báyìí:

"Rísíkà ọmọ mi, àkọ́bí mi, mo kí ọ kú iṣẹ́ tuntun. Mo gbọ́ pé wọ́n ti fún ọ ní kíláàsì tìrẹ, pé àwọn ọmọ á dìde dúró bí o bá wọlé. Inú mi dùn débi pé mo pín obì yí àgbàlá ká, títí kan àwọn tí kò lè jẹ obì mọ́ nítorí eyín. Ṣùgbọ́n apá ìsàlẹ̀ lẹ́tà rẹ kò dùn mọ́ mi. O ní ọ̀gá kan nílé ìwé yín sọ fún ọ pé èdè méjì a máa da orí ọmọ kékeré rú, pé ìdí nìyẹn tí Awáwù fi pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, àti pé kí a mú ọ̀kan kúrò kí ọ̀nà lè là fún Òyìnbó. O ní kí n má sọ Yorùbá sí i mọ́, kí n gbé e fún ìyá bàbá rẹ̀ ní Sábó, kó máa gbọ́ Hausa nìkan títí ìwọ àti ọkọ rẹ á fi wá mú un lọ ní Iléyá. Ọmọ mi, mo ti gbọ́. Mi ò ní ṣe é."

Mo bi wọ́n pé ṣé kí n kọ "mi ò ní ṣe é" bẹ́ẹ̀ gan-an, àbí kí n fi omi là á díẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ kó tóbi.

MI Ò NÍ ṢE É.

Wọ́n ní ó ti tó, kí n má fi bíró ya ìwé.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é láti ìgbà tí ẹ ti fi Awáwù sílẹ̀ lọ wá ilé ní Kàdúná. Láàárọ̀, ẹ̀yìn Màmá ló máa ń wà. Bí oòrùn bá yẹ̀, wọ́n á jọ lọ sí ìsọ̀ obì ní Sábó, Kaka tó bí Bùọ̀dá Sánúsí ọkọ yín á gbà á, á gbé e jókòó sórí àpò níbi tí wọ́n ti ń ṣa obì. Lọ́dọ̀ wa Awáwù ló ń jẹ́, lọ́dọ̀ wọn Hauwa, ó sì ń jẹ́ méjèèjì. Ohun tó ń dà wá láàmú ni pé kì í sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ládùúgbò ti ń bú adìyẹ, òun á kàn dúró, á máa wo ẹnu gbogbo wa bí ẹni tó ń wo àwọn oníṣẹ́.

Ìyá Ṣítù ojúlé kejì ní kí a bu omi sínú agogo ilé ìwé fún un mu, pé ahọ́n rẹ̀ á tú. Ta ni wọ́n rán lọ yá agogo? Èmi. Ẹ sì mọ̀ pé èmi àti àwọn tíṣà yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́ láti ìgbà tí mo ti kúrò lọ́dọ̀ wọn, torí náà mi ò da ẹnikẹ́ni láàmú, mo kàn na ọwọ́ gba ojú fèrèsé gbé e. Awáwù mu omi agogo, kò sọ nǹkan kan. Àwọn ọmọ ilé ìwé ló sọ̀rọ̀, nítorí wọ́n jókòó títí ebi fi fẹ́ lù wọ́n pa, kò sí ohun tí tíṣà máa lù kí wọ́n lè lọ sílé.

Màmá ní kí n má kọ ti agogo. Mo ti kọ ọ́ kí wọ́n tó sọ.

Bí lẹ́tà yín ṣe dé ọ̀dọ̀ wa náà ni ti Bùọ̀dá Sánúsí dé ọ̀dọ̀ Mállàmù Yúsúfù, àbúrò bàbá wọn, tó jẹ́ olórí àwọn tó ń di obì sínú agbọ̀n ní Sábó. Mállàmù wá sílé wa lọ́jọ́ kejì. Ẹ mọ ohùn wọn, bí ẹni ń yí àgbá òfìfo lórí òkúta. Wọ́n ní:

"Ìyá Rísíkà, mo bọ̀wọ̀ fún ẹ. Ṣùgbọ́n orí ọmọ yìí kéré. A kó ẹrù méjì lé e, ó wó. Ọjọ́ Jímọ̀, tí a bá kírun tán, mò ń bọ̀ wá mú un. Ilé wa, Hausa nìkan. Kàdúná, Hausa nìkan. Ó tán."

Màmá ní, "Mállàmù, bí mo bá wá kí i ní Kàdúná ńkọ́? Kí ni ọmọ-ọmọ mi máa fi dá mi lóhùn?"

"Á kúnlẹ̀ fún ẹ. A máa kọ́ ọ."

"Kó kúnlẹ̀, kó wá máa wo ẹnu mi bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí?"

Mállàmù wo ilẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀pá wọn, wọ́n lọ. Màmá wọ yàrá. Mo ti ń múra láti fi ohùn Mállàmù pè wọ́n láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo yọjú tí mo rí ojú wọn, mo gbé ohùn náà mì.

Ohun tí Màmá wá pinnu ni pé kí Awáwù sọ̀rọ̀ Yorùbá dáadáa kí Jímọ̀ tó dé, kí Mállàmù lè rí i pé kò sí wàhálà. Wọ́n bá ṣòfin: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ Hausa sí ọmọ náà nílé wa, wọn ò sì ní gbé e lọ Sábó títí di Jímọ̀. Èmi ni òfin náà bá wí jù, nítorí èmi ni mo máa ń ṣe bí àwọn oníbàárà Sábó fún un.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ tí òfin bẹ̀rẹ̀ gan-an, Awáwù lọ dúró ti àmù, ó gbá a pẹ̀lú ọwọ́, ó ní, "Ruwa." Omi ló ń bèèrè bí wọ́n ṣe ń bèèrè rẹ̀ ní Sábó, nítorí ibẹ̀ ni òùngbẹ ti máa ń gbẹ ẹ́ jù, nínú oòrùn.

Màmá ní, "A kì í sọ bẹ́ẹ̀ níbí. Sọ pé omi."

"Ruwa."

"O-mi. Sọ ọ́, ọmọ dáadáa."

Awáwù wò wọ́n, ó pa ẹnu dé. Kì í ṣe omi nìkan ló pa ẹnu dé sí o. Kò bèèrè oúnjẹ, kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni, kò tilẹ̀ bú mi. Ó jókòó ti àmù bí ẹni pé ó ń ṣọ́ ọ. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ètè rẹ̀ ti gbẹ, Màmá ò lè fara dà á mọ́. Wọ́n bu omi sínú kọ́ọ̀pù, wọ́n kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, wọ́n ní, "Gbà, ìyá mi, ruwa rẹ rèé." Ó gbà á, ó gbé e mu títí ó fi tán, ó mí kanlẹ̀, ó da kọ́ọ̀pù dojú kọlẹ̀, ó ní:

"Omi ti tán."

Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi ti ń rẹ́rìn-ín, àwọn ń sunkún, àwa méjèèjì sì ń wo ọmọ náà.

Màmá ní kí n gbé bíró fún àwọn níbí. Mo ní wọn ò mọ̀wé. Wọ́n ní kí n má sọ̀sọkúsọ, kí n kọ ohun tí àwọn fẹ́ sọ:

"Ọmọ mi, ọjọ́ yẹn ni ojú mi là. Ó mọ omi, ó mọ ruwa. Ohun tí kò mọ̀ ni ìdí tí mo fi ń bá ọ̀kan jà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé agbọ̀n méjì kalẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ wa tí Awáwù bá sọ, mo ń ju obì pupa sínú ọ̀kan. Gbogbo ọ̀rọ̀ Sábó tó bá sọ, mo ń ju obì funfun sínú èkejì. O mọ̀ pé báyìí náà la ṣe ń ṣa ọjà. Nígbà tí mo wo agbọ̀n pupa nìkan, mo ní lóòótọ́, ọmọ yìí kò ní ọ̀rọ̀. Mo wo funfun nìkan, ó kéré. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo da méjèèjì pọ̀, Rísíkà, agbọ̀n kún! Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ, ọ̀rọ̀ ewúrẹ́, ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ àti ẹkún, ọ̀dọ̀ mi ló ti gbà wọ́n. Ọ̀rọ̀ omi, ọ̀rọ̀ mọ́tò, ọ̀rọ̀ obì àti okùn, ọ̀dọ̀ Kaka ló ti gbà wọ́n. Ẹni tó bá wo agbọ̀n kan tó ní ọjà ọmọ yìí kò pọ̀, ẹni náà kò tíì ka ọjà rẹ̀ tán. Èyí ni ìmọ̀ràn èkíní. Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún ọ pé ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ kò pọ̀, bi í pé agbọ̀n wo ló kà."

Ó kù ti ọjọ́ Jímọ̀. Èmi ni mo máa sọ ọ́, nítorí ọwọ́ mi wà níbẹ̀.

Láti ìgbà tí òfin ti wó, èmi àti Awáwù ti padà sídìí eré wa. Màá sá sẹ́yìn àwọn agbọ̀n tí wọ́n tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, màá fi ohùn ẹlòmíràn pè é. Bí mo bá fi ohùn Kaka pè é, Hausa ló máa fi jẹ́ mi. Bí mo bá fi ohùn Màmá pè é, pẹ̀lú ikọ́ kékeré yẹn tí wọ́n máa ń wú kí wọ́n tó báni wí, Yorùbá ló ń bọ̀, Rẹ́mọ gidi, bí àwọn àgbà àdúgbò Ofin ṣe ń sọ ọ́. Kò ṣì í rí. Ẹni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ ló ń dá lóhùn. Èmi tí mò ń pe ara mi ní ọ̀gá nínú fífi ohùn jọ èèyàn, mo ti pàdé ẹni tó ń ya ohùn sọ́tọ̀ jù mí lọ, kò sì tíì kúrò lẹ́yìn ìyá àgbà.

Wọ́n kírun tán, Mállàmù dé pẹ̀lú Kaka. Kaka ò gbọ́ Yorùbá ju "ẹ káàárọ̀" àti "ó wọ́n" lọ, torí náà wọ́n kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Màmá bí ẹni ń tọrọ gáfárà. Awáwù wà nílẹ̀, ó ń fi igi ya ilà sórí iyanrìn.

"Gbé ẹrù rẹ̀ wá," ni Mállàmù wí.

Màmá ní, "Ẹ jókòó ná, Mállàmù. Ẹ jẹ obì."

"Mi ò jẹ. Bí mo bá jẹ obì rẹ, ojú á tì mí."

Èmi ti wà lẹ́yìn agbọ̀n. Mo fa ohùn láti ìsàlẹ̀ ikùn, mo yí i bí àgbá: "Hauwa! Wa ya ci goro?" Ìyẹn ni pé, ta ló jẹ obì?

Awáwù ò gbórí sókè. "Kawu ne!" Bí wọ́n ṣe ń pe àbúrò ìyá nìyẹn. Ẹjọ́ mi ló fi sùn.

Mállàmù fọwọ́ kan ètè ara wọn. Wọ́n wo Kaka, wọ́n wo òrùlé. "Kai! Mi ò sọ̀rọ̀ o. Bí mo bá wà níbí, ta wá ni èmi tó wà lọ́hùn-ún?"

Mo wú ikọ́ kékeré. Mo fi ohùn Màmá ní, "Awáwù, ìyá mi, ta ló jẹ obì tí mo gbé kalẹ̀?"

"Bùọ̀dá Múfú ni!"

"Ìwọ Múfú!" Èyí kì í ṣe ohùn tèmi, Màmá gan-an ló sọ ọ́. "Ìwọ lò ń jẹ obì mi láti ọjọ́ yìí?"

Wọ́n fa etí mi jáde. Gbogbo àgbàlá ti ń rẹ́rìn-ín, Ìyá Ṣítù fẹ́ ṣubú lórí ògiri tó ti ń yọjú. Ṣùgbọ́n Mállàmù ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbọn orí.

"Eré nìyí. O kọ́ ọ ni. Ẹyẹ náà, bí a bá kọ́ ọ, ó ń sọ̀rọ̀. Ìyá Rísíkà, gbé ẹrù wá."

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, a ti ṣe eré yẹn títí ó fi mọ́ ọn lára. Màmá dìde, wọ́n wọ yàrá lọ palẹ̀ ẹrù. Mo rí wọn tí wọ́n ń ká aṣọ ọmọ náà, wọ́n ń ká ẹyọ kan náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tún tú u.

Níbi tí a wà yẹn, Kaka sọ nǹkan kan jẹ́jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ní Hausa. Mállàmù ò gbọ́, wọ́n ń bá Ìyá Ṣítù jiyàn lórí ẹyẹ. Èmi náà ò gbọ́ ọ tán. Awáwù ju igi sílẹ̀. Ó dìde, ó gba àárín gbogbo wa kọjá, ó wọ yàrá, ó fa ìró Màmá. Ó ní:

"Màmá, ẹsẹ̀ ń dun Kaka. Wọ́n fẹ́ jókòó."

Kò sọ tó bẹ́ẹ̀ rí. Láti ìgbà tí ẹ ti bí i, Ẹ̀gbọ́n, kò sọ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Màmá jáde pẹ̀lú aṣọ ọmọ lọ́wọ́ kan, wọ́n fi ọwọ́ kejì fa àpótí. Wọ́n ní, "Sọ fún Kaka kí wọ́n jókòó síbí."

Ọmọ náà yíjú padà. "Kaka, zauna nan," ó sì lu orí àpótí bí ẹni tó ni ilé.

Kaka jókòó. Wọ́n kọ́kọ́ jókòó ná, kí wọ́n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n wo Màmá, Màmá wò wọ́n. Láti ìgbà tí ẹ ti fẹ́ Bùọ̀dá Sánúsí, àwọn ìyá méjì yìí ò tíì bá ara wọn sọ ọ̀rọ̀ kan tó kọjá iye owó obì. Kaka bá fi ahọ́n ta igbe ayọ̀ gígùn yẹn tí àwọn obìnrin Sábó máa ń ta níbi ìgbéyàwó, àwọn adìyẹ sá. Màmá gbé ọmọ sókè, wọ́n ń jó, aṣọ tí wọ́n ti ká sì ń tú dà sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mállàmù bọ́ fìlà. Wọ́n ní, "Ẹrù méjì. Kò wó." Wọ́n bu obì kan nínú àwo Màmá, wọ́n fi sẹ́nu. Nígbà tí mo rí i pé wọ́n jẹ obì, mo mọ̀ pé a ti borí. Wọ́n ní àwọn náà máa kọ̀wé sí Bùọ̀dá Sánúsí, kí ọmọ máa gbé ilé méjèèjì bó ti ń gbé e tẹ́lẹ̀. Wọ́n wá na ọ̀pá sí mi: "Ìwọ ni kí n mú lọ Sábó. Wá fi ohùn mi bá àwọn tó ń pẹ́ níṣẹ́ wí, kí èmi lè máa sùn."

Ó yá, Màmá ní ìmọ̀ràn ló kù, kí n má fi ìròyìn gbà á mọ́ àwọn lọ́wọ́.

"Rísíkà ọmọ mi, ìmọ̀ràn kejì, ti ìwọ fúnra rẹ ni. O ti sọ Hausa rí. Nígbà tí o wà lẹ́yìn mi, mo tẹ̀lé obì dé Kánò, a gbé ibẹ̀ títí o fi ń sáré. O ń bá àwọn ọmọ Kánò jà ní èdè wọn, o sì ń ṣẹ́gun. Nígbà tí a padà dé Ṣàgámù, mo rò pé ohun tó bá ti wọ orí ọmọdé ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ sí ọ mọ́, nítorí èmi fúnra mi ò mọ̀ ju ti iye owó obì lọ, mi ò sì mú ọ dé Sábó. Kí ọdún tó yí padà, kò sí ẹyọ kan lẹ́nu rẹ. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ, ìyá ọkọ rẹ gbé ọwọ́ lé ọ lórí, ó ń ṣàdúrà tó gùn, ìwọ ń wo ẹnu rẹ̀, o ò mọ ibi tí wàá ti ṣe àmín. Bí ọmọdé ṣe ń yára kó èdè náà ló ń yára tú u dànù bí ẹnikẹ́ni ò bá bá a sọ ọ́. Má ṣe bẹ́ẹ̀ fún Awáwù. Lónìí o ní kí Yorùbá kúrò. Lọ́la tó bá lọ́kọ, èmi tàbí ìwọ náà lè di ẹni tó ń wo ẹnu."

Màmá mú obì mìíràn bó. Mo ní ṣé kí n kọ ìmọ̀ràn kẹta. Wọ́n ní ìkẹrin ni. Mo ní méjì la ṣẹ̀ṣẹ̀ kà. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ láìsí nọ́ńbà nígbà náà, pé ìmọ̀ràn kì í ṣe obì.

"Kí ìwọ máa sọ tìrẹ sí i, kí Sánúsí máa sọ tirẹ̀. Ọmọ fẹ́ mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Má pín ọjọ́ fún un bí tíṣà pé òní Yorùbá, ọ̀la Hausa. Bí o bá ń wẹ̀ ẹ́, máa sọ̀rọ̀. Bí o bá ń di irun rẹ̀, máa sọ̀rọ̀. Bí o bá bínú sí i, Rẹ́mọ ni kí o fi bínú, nítorí kò sí ohun tí ọmọ ń yára kọ́ tó ìbínú ìyá. Má sì sọ Yorùbá inú ìwé sí i nítorí pé o ti di tíṣà. Sọ ọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé wa.

"Bí ó bá da méjèèjì pọ̀ nínú gbólóhùn kan, má fi í rẹ́rìn-ín, má sì nà án. Ohun tó bá sún mọ́ ọn lọ́wọ́ ló mú. Dá a lóhùn dáadáa, òun fúnra rẹ̀ á to agbọ̀n rẹ̀. Má pè é jáde fún àlejò pé 'sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́'. Ọjọ́ tí mo ní kó sọ ọ́ ló pa ẹnu dé. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ dun Kaka ló la ẹnu, nítorí ó ní ohun tó fẹ́ ṣe.

"Má sì kánjú. Gbogbo ìgbà tí a rò pé kò gbọ́ nǹkan kan, ó ń gbọ́ ilé méjì lẹ́ẹ̀kan náà ni. Òyìnbó tí ọ̀gá yín ń sọ pé kí ọ̀nà là fún, á bá a nílé ìwé, á jókòó ti àwọn tó kù. Kí ọ̀gá yín má bínú sí mi. Mi ò mọ ohun tó mọ̀. Mo mọ Awáwù."

Ìmọ̀ràn tèmi rèé, Màmá ti gbà pé kí n fi kún un: Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa ṣeré. Ẹ fi ohùn ewúrẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ẹ fi ohùn dírẹ́bà, ẹ fi ohùn ọ̀gá yín náà bí ẹ bá dá wà. Kò sí ọ̀rọ̀ tí mo fi ìbáwí kọ́ ọ tó dúró. Gbogbo èyí tí mo fi ẹ̀rín kọ́ ọ ló fi ń bú mi báyìí, ní èdè méjì.

Mo ti fẹ́ ká ìwé yìí. Awáwù wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi ìka kan bíró. Mo ní, "Ìyá rẹ ní Kàdúná ni mò ń kọ̀wé sí. Kí ni kí n kọ fún wọn?"

Ó ronú. "Kí wọ́n ra bàtà pupa."

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

Yorùbá ni mo fi bi í. Kò sí ará Sábó kankan nítòsí, mi ò sì fi ohùn ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹnu kan ìwé náà bí ẹni pé Bùọ̀dá Sánúsí wà lábẹ́ rẹ̀, ó pariwo, "Baba, zo da wuri!" Ó ní kí wọ́n tètè dé.

Màmá fi obì tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀. Wọ́n ní, "Kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Má tún un ṣe."

Mo ti kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ẹ ka ti Bùọ̀dá fún wọn. Tiyín, Ẹ̀gbọ́n, Yorùbá ló fi pè yín. Òun ni kí ẹ fi dá a lóhùn.

Màmá yín ló sọ ọ́,
Múfú àbúrò yín ló kọ ọ́.